Ẹgbẹ̀rún Kìlómítà Àkọ́kọ́

Aránṣọ ni ìyàwó mi, ó sì ní òfin kan: ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun kì í fojú kan aṣọ oníbàárà. Àkísà ni yóò kọ́kọ́ fi rán fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí yóò máa kán òróró sí i, títí ara ẹ̀rọ yóò fi rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mọ́tò tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà.

Mẹkáníìkì wa ló kúkú dá a sílẹ̀. "Màdáámù, fún ẹgbẹ̀rún kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má sáré, ẹ má tẹ iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì. Tó bá ti pé, ẹ gbé e wá ká pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, torí èérún irin máa ń wà nínú ti àkọ́kọ́."

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìyá ìyàwó mi ń dúró dè é. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìlú míì ló ń gbé, orúnkún rẹ̀ sì ń burú sí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí ọmọ òun fi mọ́tò náà gbé òun wá wo ilé wa, kí ẹsẹ̀ òun tó kọṣẹ́.

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù," ni ìyàwó mi máa ń sọ lórí fóònù. "Ara ẹ́ńjìnnì ò tíì rọ̀. Mi ò lè fi yín dán an wò."

Ló bá ń fi mọ́tò yí àdúgbò po láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọléèwé ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, n kò sì sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ.

"Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọkọ mi," ló máa fi dá mi lóhùn.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló gbà kí ẹgbẹ̀rún tó pé. Ọ́ìlì tí mẹkáníìkì tú jáde ń dán yinrinyinrin. Ìyàwó mi fìka pa á, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ò rí irin!"

Lọ́jọ́ kejì, a lọ. Orí ibùsùn la bá Màmá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún wa. Èmi ni mo gbé e sí ìjókòó iwájú. Kò wúwo rárá, ó sì dùn mí.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó mi ṣàlàyé ẹgbẹ̀rún kìlómítà fún un látòkè délẹ̀.

"Kìlómítà mélòó ni ilé mi sí tìẹ?" ni Màmá bi í.

"Ọgọ́rùn-ún, Màmá."

"Àlọ àtàbọ̀, igba." Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo ì bá ti wá wò mí."

Ìyàwó mi rọra gbé mọ́tò sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì bú sẹ́kún.