Epo Tuntun Yèyé Mi Tí Ikùn Mi Kọ̀

Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ikùn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ikùn tèmi gan-an.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, wọ́n dá àwa tíṣà tó jẹ́ ọmọ Èkìtì padà sílé. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé mi wá. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó! Orun Èkìtì ni yèyé mi ń gbé, kò jìnnà mọ́. Ohun tí mo ti ń ro láti ọjọ́ pípẹ́ ni epo tuntun rẹ̀. Ní ilé wa, bí epo àkọ́fún bá ti jáde, kí ẹnikẹ́ni tó tà nínú rẹ̀, yèyé mi á ti iṣu sísun gbígbóná bọ̀ ọ́, á sì fi lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.

Mi ò tíì fìdí kalẹ̀ dáadáa tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí run mí. Bí mo bá ti jẹ epo, ìrora á gba ìsàlẹ̀ ìhà lọ sí ẹ̀yìn. Mo ń rù. Tí mo bá sì yàgbẹ́, ẹ má bínú, epo ló máa ń léfòó lójú omi.

Dókítà kan l'Ádó ló là á yé mi. Ó ní epo àti omi kì í pò, nítorí náà òróòro máa ń fọ́ epo sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun, bí ọṣẹ ṣe ń ṣe sí abọ́ ọlọ́ràá. Ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ yẹn ò tíì lè wọ ara. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tó máa ń tu ẹ́ńsáìmù kan jáde, láípéèsì lorúkọ rẹ̀, òun ló máa ń gé epo náà kí ara tó lè gbà á. Tèmi ò tó mọ́. Ó ní kí n fi epo sílẹ̀. Oògùn tó lè rọ́pò rẹ̀, a wá a títí nígbà yẹn, a ò rí i.

Ní Sátidé kan, mo dé Orun, epo tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Yèyé mi ti iṣu bọ epo, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi. Mi ò gbà á.

Ó wò mí títí. Ó ní ṣé ìyàwó mi ló ní kí n má jẹ oúnjẹ òun mọ́ ni. Mo ní rárá o.

“Àbí epo wa ti di epo ará oko lójú tíṣà Ìkẹ́rẹ́?”

Ó gbé iṣu náà sílẹ̀. Ìbá sàn fún mi kó gbá mi létí.

Epo ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Mo bi í pé, “Yèyé, bí ẹ bá fi omi lásán fọ ọwọ́ yẹn, ṣé á mọ́?”

“Ta ní í fomi lásán fọ epo?”

Mo wá sọ fún un pé ikùn náà ní ọṣẹ tirẹ̀, pé lẹ́yìn ọṣẹ, ó tún ní ọ̀bẹ tó ń gé epo, ọ̀bẹ yẹn ló ti kú nínú tèmi. Ó ní ṣé á san. Mo ní mi ò mọ̀.

Ó bá yọ iṣu mìíràn nínú iná, ó họ ọ́, ó dá a sí méjì, ó bu iyọ̀ sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi epo jẹ tirẹ̀, inú ò ní bí mi.

“Jẹ uṣu rẹ,” ló wí. Ó fi ìdérí bo epo náà.

Gbígbẹ la jẹ ẹ́, à ń fomi tì í. Òórùn epo yẹn gba gbogbo àgbàlá. Gbogbo ara mi ló ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo rí oògùn yẹn. Mo lè jẹ epo díẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n yèyé mi ti lọ, epo ọjà ni mò ń rà.

Ẹ̀yin ará mi, bí ara yín bá kọ oúnjẹ kan, ẹ tètè ṣàlàyé fún ẹni tó ń sè é, kó má baà rò pé òun lẹ kọ̀. Bí epo bá sì ń léfòó nínú ìgbẹ́ yín, ẹ má dúró nílé, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin ńkọ́, oúnjẹ wo ni ara yín kọ̀ tí ọkàn yín ò tíì kọ̀? Ta ló máa ń sè é fún yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mò ń gbọ́.