Ẹ̀yìnkùlé Tó Jẹ́ Ọ̀nà Wa

Láàárọ̀ yìí, òórùn ẹja yíyan gba orí ògiri wọ yàrá mi, ọkàn mi sì padà sí ìgbà tí kò tíì sí ògiri níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń pe kẹ̀kẹ́ Márúwá kí ẹ tó wọ bàtà tán, ẹ lè má gbà mí gbọ́: ní Bàrígà wa nígbà náà, ẹ̀yìnkùlé lọ̀nà. A ó tẹrí ba lábẹ́ aṣọ tí àwọn ará ilé kejì sá, a ó kí gbogbo ẹni tí a bá níbẹ̀, nítorí a kì í gba ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn kọjá láìkí wọn. Kí a tó kí wọn tán, a ti dé ìdí ààrò Ìyá Ẹbùn, ará Ìlàjẹ tó ń yan ẹja, ọ̀rẹ́ màmá mi. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á jọ rìn lọ sí àdúrà, èmi á gbé ìwé orin tẹ̀lé wọn. Èéfín kì í kúrò lára Ìyá Ẹbùn. Wọ́n ní Ọlọ́run mọ òórùn àwọn.

Nígbà tó yá, ẹnìkan ra ilẹ̀ àárín wa, ó sì mọ ògiri. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà, àwọn olè ló fà á." Màmá mi súre fún un.

Láti ìgbà náà, a ní láti jáde sí títì, kí a yí àdúgbò po. Etí títì kò ní ibi ìrìn, gọ́tà kò ní ìdérí, eékún sì ti ń dun màmá mi. Ọ̀kadà wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní fi ìró gun ẹ̀yìn ọmọkùnrin kankan. Ìbẹ̀wò ojoojúmọ́ di ti ọjọ́ Ìsinmi, ó di ti Kérésì. Ìyá Ẹbùn á kígbe láti òdìkejì: "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ ti kó lọ sí ìlú òyìnbó ni?" Màmá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì nu ojú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a gbọ́ ẹkún Ẹbùn lẹ́yìn ògiri, ó ń pe ìyá rẹ̀, a sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo di màmá mi mú, a wọ ọkọ̀, a yí po. Kí a tó dé, wọ́n ti gbé òkú Ìyá Ẹbùn lọ, ẹnìkan ń bu omi pa iná ààrò. Màmá mi di Ẹbùn mọ́ra.

"Mo gbọ́ ẹ, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ọ̀nà ló jìn."

Màmá mi náà ti sùn nínú Olúwa. Mo dúpẹ́ pé ọkọ̀ pọ̀ lónìí. Àwọn ọmọ mi mọ gbogbo ibùdókọ̀ títí dé Akoka, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri. Ẹbùn ni. Òun ló ń yan ẹja báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń dá orin àwọn ìyá wa, èmi á sì gbè é láti ìhà tèmi.