Jókòó, Bọ́ọ̀sì Ò Tíì Dúró!

Nínú orin kẹrin lórí rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní Ibi Tí Bọ́ọ̀sì Ti Ń Yí Padà, Curt Hagemeyer ń kọrin bí ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù jáde, gìtá iná ń han gooro bí ẹ̀rọ tó ń la pákó, ìlù Rhonda Pruett ń dún gbì-gbì lábẹ́ wọn. Àfi gbàgà! Ohùn àgbàlagbà kan já wọ àárín orin: "Jókòó! Bọ́ọ̀sì ò tíì dúró!"

Àwọn oníwèé ìròyìn Chicago kọ ọ́ rẹpẹtẹ nígbà náà. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì yẹn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Wọ́n ní ìjókòó yẹn, àìnírètí àwọn ọ̀dọ́ ni. Irọ́ gbuu! Orval Teasley ló ń jágbe mọ́ Denny Voss tó ń ta gìtá béèsì, torí pé Denny dìde lórí àga láti họ ìdí.

Ọdún 1994 ni. Wọ́n ti ti kòtò èédú tó ń bọ́ ìlú Vandeveer pa, nísàlẹ̀ Illinois lọ́hùn-ún. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn awakùsà ṣófo, torí kí ni wọ́n tún fẹ́ máa ṣèpàdé lé lórí? Curt, Denny àti Rhonda kó àńpù tó ń gbé ohùn gìtá wọn sókè wọbẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Orin rọ́ọ̀kì aláriwo ni tiwọn, àmọ́ ó ń wù wọ́n kí orin kọ́ńtìrì àwọn bàbá wọn, orin ọtí, orin ọ̀nà jíjìn àti obìnrin tó ti lọ, máa sunkún lábẹ́ ariwo náà. Gìtá onípẹ́dà ló sì mọ ẹkún yẹn sun. Ó nà gbalaja lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì. Ẹni tó ń ta á á jókòó tì í, á máa fi irin yọ̀ lórí okùn ẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní in ní gbogbo Vandeveer. Orval Teasley ni, òun ló wa bọ́ọ̀sì gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síléèwé láti kékeré.

Orval dé, ó gbé gìtá kalẹ̀, ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ pupa tí Arlene ìyàwó ẹ̀ hun kó tó kú ló fi ń ta á. Ó ní bàtà máa ń di ẹsẹ̀ létí. Ká dúpẹ́ pé òórùn kì í wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Hagemeyer. Pruett. Ẹ ṣì ń jà?"

"Rárá, sà," Rhonda dáhùn.

"Irọ́ ni. Ẹ lọ jókòó pọ̀."

Òfin bọ́ọ̀sì ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ méjì tó bá jà, ìjókòó kan náà ni wọ́n máa pín, lẹ́yìn ẹ̀ gangan, títí wọ́n á fi parí ìjà. Curt àti Rhonda fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà sórí ìjókòó yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ Orval tó ń kùn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn. Curt bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kùn, Rhonda bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn ìjókòó bàbá náà. Orval ò yí ojú kúrò lọ́nà. Ohun tó sọ ò ju pé: "Ọmọ Pruett, tó o bá máa lù mí lẹ́yìn, jẹ́ kó bá jíà mu."

Ká má tan ara wa, alágídí paraku ni. Nígbà yẹn, gbogbo ọmọ tó ń ṣe rọ́ọ̀kì ló máa ń dẹ okùn gìtá ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kó lè dún wúwo bí ìbànújẹ́. Orval gbọ́ ọ, ó di etí.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ọ̀gbẹ́ni Teasley," Curt sọ. "Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹ fà á sókè."

Denny dá sí i. "Ẹ̀yin náà kàn lè sún irin yín sẹ́yìn díẹ̀, sà. Bákan náà ló máa já sí."

Òótọ́ ni Denny sọ. Orval náà mọ̀ pé òótọ́ ni. "Mo lè sún un," ló wí. "Mo tún lè fi ẹ̀yìn wa bọ́ọ̀sì dé iléèwé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbo ló fẹ́ ṣubú sí?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kọfí fi tutù. Ó ń nu ìgò ojú ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fà á sókè. Ohùn Curt ò wá débẹ̀ mọ́. Tó bá ti dé ibi ègbè, ohùn á sán bí yìnyín ojú adágún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó wúwo. Curt bínú, ó sunkún, ó tún un kọ, ó tún sán. Sísán yẹn gan-an làwọn èèyàn nílẹ̀ tí Curt ò dé rí gbọ́ tí wọ́n fi ra rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Orval ò sì fi ọgbọ́n yìí pamọ́ o. Gbogbo Friday tí wọ́n bá ń dín ẹja àrọ̀ ní gbọ̀ngàn àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ó máa ń ròyìn bí òun ṣe kọ́ Hagemeyer lórin, débi pé ẹja tó wà nínú epo ti mọ̀ ọ́n sórí.

Chicago tún ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ lọ ṣeré, nínú ilé ọtí kan tí ò ní àga kankan. Àwọn ọmọ Chicago dúró fún ara wọn gbágbáágbá, wọ́n ń hó. Orval jókòó ti gìtá, ó ká ọwọ́ gbera.

"Mi ò ní í ta á."

"Kí ló tún dé, Ọ̀gbẹ́ni Teasley?" Rhonda bi í lẹ́yìn ìlù.

"Wọ́n wà ní ìdúró."

"Sà, ibi orin rọ́ọ̀kì nìyí! Ìdúró ni wọ́n ń gbọ́ ọ!"

Orval fa máìkì mọ́ra. "Ẹ̀yin ọmọ. A fẹ́ gbéra."

Gbogbo wọn ló jókòó sórí ilẹ̀ tí bíà ti sọ di gọ́ọ̀mù, pẹ̀lú sòkòtò yíya àti òrùka nímú. Nígbà tí eré parí, ọ̀pọ̀ wọn ò lè dìde, ìdí ti lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Rhonda bi í léèrè ohun tí ẹlòmíì kì í bi í. "Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kórìíra ìdúró tó báyìí?"

Ó wo pápá àgbàdo lójú fèrèsé. "Mo ti fi apá mi méjèèjì gbé ọmọ kan sọ̀kalẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì rí. Ọ̀nà ń yọ̀. Ó dìde kó lè juwọ́ sí ìyá ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wo Rhonda. "Ìwọ náà, jókòó dáadáa."

Láti ọjọ́ yẹn, tí Rhonda bá gbọ́ igbe tó wà nínú orin kẹrin, kì í rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, ayé ń jẹ Vandeveer lọ bí kòkòrò ṣe ń jẹ pákó. Wọ́n ti iléèwé pa, wọ́n ta bọ́ọ̀sì. Òògùn ìrora tó gbòde láàárín àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn mú Denny lọ. Curt kó lọ sí Nashville. Rhonda di alásè ní ilé àwọn arúgbó, ibẹ̀ ló sì bá Orval, etí ti lọ, agídí ò lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ tì í lọ jẹun, á kọ́kọ́ ka gbogbo àwọn arúgbó tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù, oúnjẹ á tutù.

Ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní ìlú ńlá létí òkun ní àwọn fẹ́ tún rẹ́kọ́ọ̀dù náà gbé jáde. Inú Rhonda dùn. Ó ṣèlérí fún Orval pé àwọn á jọ gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tún orin ṣe ló wá pè é lórí fóònù.

"Mà, a ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ariwo kan wà nínú orin kẹrin, a ti bá yín yọ ọ́."

"Ariwo wo?"

"Bàbá kan báyìí tó ń pariwo. Ó jọ pé ó ṣèèṣì wọbẹ̀ ni."

"Ìwọ gan-an lo ṣèèṣì wọbẹ̀! Bàbá tó ń ta gìtá nìyẹn!"

"A fi gìtá ẹ̀ sílẹ̀, mà. Ohùn tó sì ń sán yẹn, a ti bá a lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

"Ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé o ti bá òun náà na ìhunjọ ojú ẹ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni Hagemeyer ti fọwọ́ sí i, mà."

Rhonda pe Curt. "Curt, o yọ Orval?"

"Rhonda, wọn ò ní í gbé e jáde bí mi ò bá gbà. Ta ló tún rántí wa? Gbólóhùn kan péré ni."

"Ìwọ náà, gbólóhùn kan péré ni ẹ́," ló fi pa fóònù.

Ẹ gbọ́ o: irú wọn ló ń ba ayé jẹ́. Wọn ò jalè, wọn ò pààyàn, wọ́n kàn ń fọ nǹkan mọ́ ni. Wọ́n á fọ ohùn ẹni títí kò ní í sí ẹni nínú ẹ̀ mọ́. Ta lo sì fẹ́ fi wọ́n sùn? Tuntun yẹn ti gba ipò ti àtijọ́ lórí fóònù gbogbo ayé. Ti àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ Rhonda ti ha kọjá gbígbọ́. Ti Orval ti yọ́ mọ́ iwájú ọkọ̀ ẹ̀ nínú oòrùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí ò ní í mọ̀ pé ẹnì kan sọ fún wa rí pé ká jókòó.

Nígbà tí tuntun náà dé, Rhonda fẹ́ gbé e pamọ́, àmọ́ Orval ti rí páálí ẹ̀. "Gbé sípíkà yẹn sílẹ̀," ló wí. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ pupa, torí ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó ń gbọ́ràn lára ẹ̀. Ó dijú. Orin kìíní, ó mi orí. Orin kẹta, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wá pẹ́dà. Orin kẹrin dé. Rhonda ń gbàdúrà pé kí iná lọ. Bàbá náà mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ kù díẹ̀ tó ti mí sínú, tó ti la ẹnu.

Ibẹ̀ kọjá. Kò sí nǹkan kan.

Orval lajú. Ó wo yàrá yí ká. "Ta ló sọ̀kalẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀, sà. Ẹ̀rọ yìí ló fò ó," Rhonda kígbe sí i létí.

"Má purọ́ fún mi, ọmọ Pruett. Mo máa ń kà yín."

Ó kú kí ẹja Friday ọ̀sẹ̀ yẹn tó jiná.

Abẹ́ ilé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti jẹun lẹ́yìn ìsìnkú. Àwọn obìnrin gbé ọ̀dùnkún oníwàràkàṣì àti páì kalẹ̀, àwọn èèyàn tò pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Àwọn arúgbó wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin onírungbọ̀n funfun wà níbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnì kan nínú wọn tí Orval ò gbé rí. Curt ti Nashville dé pẹ̀lú fìlà olówó iyebíye.

"Gba apá ibẹ̀ yẹn lọ," Rhonda sọ fún un. "Má dé ọ̀dọ̀ mi."

Curt lọ dúró ti ìkòkò kọfí bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé.

Ọmọbìnrin pásítọ̀ rò pé òun ń ṣe dáadáa, ó fi fóònù gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà sáfẹ́fẹ́. Rhonda sáré lọ bá a. "Pa á! Òun kọ́ nìyẹn!"

"Ẹ má bínú, mà. Èyí nìkan ló wà mọ́."

Rhonda dúró láàárín ilé. Orin kẹrin bẹ̀rẹ̀. Ohùn Curt ń bọ̀, ó ń dán bí àwo ike, kò sán níbì kankan. Ibẹ̀ ń sún mọ́lé. Ibẹ̀ dé. Gìtá dún, ìlù dún, àlàfo wà níbi tí ohùn bàbá náà yẹ kó wà.

Orúnkún Curt ló kọ́kọ́ tẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó kàn jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìyá tó ń bu páì jókòó tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. Àwọn tó tò jókòó ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, sórí àga, sórí àtẹ̀gùn. Àwọn méjì jókòó sórí ilẹ̀ tàwo-tàwo. Pásítọ̀ tí ò wọ bọ́ọ̀sì yẹn rí wò yí ká, òun náà jókòó.

Rhonda nìkan ló kù ní ìdúró. Àga kan ṣoṣo ló sì ṣófo, ẹ̀gbẹ́ Curt ni.

Curt ò wò ó. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ti àga náà jáde díẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," Rhonda sọ.

"Mo mọ̀."

"Ohùn ẹ burú nínú nǹkan yẹn."

"Mo mọ̀, Rhonda."

Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó sì ń gbọ́ gìtá bàbá náà tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀.