Dókítà Béjidé, Ẹni Tó Ń Dákú Nítorí Ìwádìí

Ọjọ́ tí Dókítà Béjidé kọ́kọ́ dákú ní Òkè-Baálẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Dókítà ìwé ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ohun tó ń ṣèwádìí rẹ̀ ní yunifásítì ni ìdí tí ẹni tí àìsàn òjijì kọlù fi ń pẹ́ kó tó dé ọsibítù. Gbogbo ẹni tó bi léèrè ló ń sọ pé kíá làwọn ń gbé aláìsàn lọ. Ló bá ṣubú gbì níwájú ilé baba rẹ̀, ó yíjú sókè.

Ariwo ta. Omi tí wọ́n dà lé e lórí tó gbin ìrẹsì. Àmúdà ọlọ́kadà ti dé, ó ti ń tẹ ọ̀kadà vùù.

"Ẹ gbé e lé mi lẹ́yìn, ká máa lọ ọsibítù!"

"Dúró ńbẹ̀!" Àǹtí Cecilia, ẹ̀gbọ́n Béjidé, ló pariwo. "Ta ló yọ̀ǹda? A ò tíì gbọ́ tẹnu Bàbá Iperindo!"

Bàbá Iperindo, olórí ẹbí wọn, wà nínú kòtò níbi tó ti ń wa góòlù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í wọ kòtò góòlù. Wọ́n pè é, wọ́n pè é, títí èèrà fi ṣe ìpàdé ẹbí tiwọn nínú ṣòkòtò Dókítà. Ni òkú bá dìde jókòó.

"Mo ti kú!" ló jágbe. "Mo ti kú tipẹ́! Ẹ̀yin lẹ pa mí!"

Nínú àwọn tó sá lọ́jọ́ náà, àwọn kan ò wẹ̀yìn títí wọ́n fi dé Ọ̀fàtẹ̀dó.

Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣèpàdé ní yunifásítì, oníkálukú ń dárúkọ ọ̀nà tó bàjẹ́ àti ọkọ̀ aláìsàn tí kò tó. Béjidé dìde. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ọ̀nà dáa, ọ̀kadà wà, epo kún inú ẹ̀. Bàbá kan nínú kòtò la ń dúró dè."

Kò mà jáwọ́ o. Ó dákú níbi ìsọmọlórúkọ. Ó dákú lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, pẹ̀lú ààbọ̀ irun. Gbogbo ẹ̀ náà ni ẹbí rẹ̀ féèlì, Bàbá Iperindo ni wọ́n ṣì ń pè.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó tún ṣubú nídìí iṣu tó ń jẹ. Àǹtí Cecilia fò dìde.

"Ìdánwò tún dé! Àmúdà, gbé e! A ò pe ẹnì kankan! Òní la máa pàásì!"

Wọ́n fi gèlè so ó mọ́ Àmúdà lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ. Ọsibítù ni wọ́n ti gbọ́ pé ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, pé ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ó parí. Cecilia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Béjidé lajú, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ló yọ̀ǹda?"

"Kò sẹ́nì kankan," Cecilia ń sunkún.

"Ẹ pàásì. Ṣùgbọ́n màá yọ máàkì: ẹ ò yọ iṣu lẹ́nu mi."

Ọdún díẹ̀ ló tún lò. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, Cecilia mì ín lórí ibùsùn. "Béjidé, àbí ìwádìí ni?" Kò dáhùn. Síbẹ̀ wọ́n gbé e sáré, wọ́n ti dé ọsibítù kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí wọ́n wá rí Bàbá Iperindo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bàbá bèèrè:

"Ẹ ò dúró dè mí?"

"A ò dúró, Bàbá."

"Ẹ ṣeun," ni bàbá wí. "Ẹ bá mi fọwọ́ pa Béjidé lórí."