Àfẹ́sọ́nà Mi Ará Òkukù àti Akọ̀wé Inú Fóònù Rẹ̀

Fóònù mi máa ń gbọ̀n lórí tábìlì bíi yànmùyánmú tó há sínú ìgò, ní kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Inísà, ara tèmi náà á sì gbọ̀n. Nígbà náà, ilé àwọn òbí mi ní Ìkìrun ni mo ti ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, mo sì gbà pé kò sí obìnrin tí wọ́n ń fẹ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ mi. Ará Òkukù ni ẹni tó ń fẹ́ mi. Ó ń ta pánẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn ṣe iná, iléèwé wa ló wá gbé kan sí lórí òrùlé tí a fi pàdé. Kò sí áàpù tuntun tó jáde tí kì í kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Èyí tó ń ka ìṣísẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń rán an létí pé kó mu omi wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ fún un bóyá ó sùn dáadáa náà wà. Tó bá jí láàárọ̀, fóònù ló máa kọ́kọ́ wò kó tó mọ̀ bóyá ó rẹ òun. Mo rò pé ọ̀làjú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó ń kọ ránṣẹ́ ló mú mi. "Olùfẹ́ mi ọ̀wọ́n, wíwà rẹ nínú ayé mi jẹ́ ẹ̀bùn tí kò ṣeé díwọ̀n." Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn ní Òkukù? Èmi tí mo máa ń fi ojú kan dá ọmọ tó wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ mọ̀, mo há a sórí. Tí a bá wá jókòó pọ̀ nídìí mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ìkìrun, á ní, "Ọkọ̀ pọ̀ lónìí," ó parí nìyẹn. Tí mo bá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tó kọ láàárọ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Èwo nínú wọn?" Mo gbà pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe. Àwọn àgbà kúkú ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí ọmọbìnrin bá ti fẹ́ ṣe orí kunkun, kò ní ṣàìrí òwe tí yóò fi ti ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè tipẹ́, fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé, wọ́n mú un jókòó, wọ́n sọ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá fún un, ẹni tó bí ẹni tó bí wọn, ogun tó gbé wa dé Ìkìrun, àti bí wọ́n ṣe ń ki àwa ọmọ Ìkòyí. Ó mi orí títí ọ̀sán fi pọ́n.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn kékeré kan mú bàbá mi lọ. Ilé kún. Àfẹ́sọ́nà mi wà ní Ìlọrin níbi tó ti lọ kó ọjà, ó fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìyá mi ní kí n kà á sókè, kí àwọn ẹbí lè mọ irú ọmọ tó fẹ́ di àna wọn. Mo nu ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo dé ibi tó ti ń ki bàbá mi ní ọmọ Ọlọ́fà, ọmọ oníjàkadì, ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin bá gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Ta ló kú?"

Mo tún wo fóònù náà.

"Ọmọ Ìkòyí ni àbúrò mi. Ta ni wọ́n ń kì nínú ilé rẹ̀ yìí?" Wọ́n wo ojú mi. "O ní Òkukù ni wọ́n ti bí ọmọ náà? Ìlú tí wọ́n ti ń ki èèyàn kí wọ́n tó kí i?"

Ẹnìkan rọra rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo pa fóònù náà dé. Ìtìjú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀fọ̀ mọ́ mi lójú.

Nígbà tó dé láti Ìlọrin, ó wá kí wa. Mo mú un jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bi í pé ta ló kọ ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́.

"Áàpù ni," ó wí, bí ẹni tí mo bi léèrè ibi tó ti ra bàtà. "Ṣé ó ṣì í kọ ni? Wọ́n ti tún un ṣe nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

"Àwọn ti àtẹ̀yìnwá ńkọ́?"

"Òun náà ni. O mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í dilẹ̀. Mo kàn máa ń ní kó kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí olùkọ́ kan ní Inísà." Ó na ọwọ́ sí mi. "Gbé fóònù rẹ wá kí n bá ọ fi sí i. Á máa bá ọ dá mi lóhùn, wàhálà ríronú á kúrò."

Mo wo ọwọ́ náà. Ó fẹ́ kí fóònù méjèèjì máa fẹ́ra wọn, kí àwa méjèèjì sì jókòó tì wọ́n bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì.

Mo ní, "Nígbà tí bàbá mi ń sọ ìtàn ìdílé wa fún ọ, kí lò ń ṣe?"

Kò purọ́, ìyẹn ni mo fi lè yìn ín. Ó ní, "Mo rò pé mo lè wá a lórí fóònù tó bá yá."

Mo ní kó máa lọ. Ẹnu yà á gidigidi. "Nítorí áàpù?" Kò tíì dé Òkukù tí ọ̀rọ̀ àforíjì gígùn kan fi wọlé, tó tò dáadáa. Mo ka "Olùfẹ́ mi ọ̀wọ́n", mo pa á rẹ́.

Ìyá mi sunkún. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ mi ń kọ ọkùnrin nítorí ọtí, nítorí ìyà, èmi ń kọ tèmi nítorí pé ó mọ fóònù lò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló bá mi dá sí i. Wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á tóbi jù. Ẹni tó bá yá ṣòkòtò, ẹ jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó yá ẹnu tó fi ń sọ pé òun fẹ́ràn èèyàn, kí ló kù tó jẹ́ tirẹ̀? Ọkùnrin náà ti gbé ìyàwó báyìí. Mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe dáadáa, n kò sì bèèrè bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Inísà ni mo ń gbé báyìí, ìbínú mi ti rọlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí n kò tíì rí ibi gbé e sí ni ayọ̀ tí mo yọ̀ lọ́dún náà. Ayọ̀ gidi ni. Mo yọ ọ́ nínú ọkọ̀, mo yọ ọ́ lórí ibùsùn, kò sì sí ẹni tó fún mi. Àwọn tó ń ṣe fóònù kò tiẹ̀ jẹ́ kéèyàn lọ wá akọ̀wé inú fóònù náà fúnra rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó o sínú fóònù tí mo ń lò, láì bi mí, wọ́n sì ń pariwo rẹ̀ kiri bí ẹni tó ṣe wá lóore. Lánàá, ìyá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti Ìkìrun, wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. N kò tíì kà á tán tí fóònù ti to èsì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ku kí n fọwọ́ kàn án: bẹ́ẹ̀ ni mà, mo ti jẹun dáadáa, ẹ ṣeun fún ìtọ́jú yín.

N kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Mo pè wọ́n, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.