Kọ̀ǹpútà Tí Àbúrò Mi Sọ Ní Fòníkú-fọ̀ladìde

Òrí tó bá jóná lórí irin, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò nílé. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ kọ́tìnnì, á wọnú aṣọ tí a sá sí yàrá, á sì bá èèyàn dórí ibùsùn. Nílé tí a ń gbé ní Bàrígà nígbà yẹn, lẹ́bàá Ladi-Lak, òórùn yìí gba gbogbo ilé lọ́sàn-án Sátidé kan, débi pé ìyá wa sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rò pé mo gbé epo kaná mo sì gbàgbé rẹ̀ ni. Kì í ṣe epo o. Kọ̀ǹpútà ni àbúrò mi ń fi òrí pa lára.

Jẹ́ n ṣàlàyé, kó o má baà rò pé orí ọmọ náà ò pé. Àsìkò tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí bárékè ni, tí gbogbo ẹnu ń sọ ìjọba alágbádá, tí kálukú ń wò ó pé bóyá nǹkan á ṣẹnuure. Èmi ń tẹ ìwé fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, láàárín àwọn ojúlé tí íńkì àti kẹrosíìnì ti mu ògiri wọn yó. Àbúrò mi ti parí poli, ó wà nílé. Kì í ṣe pé kò ríṣẹ́ nìkan, ìyá wa ni kò fẹ́ kó lọ síbi tó jìn. Àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe é. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí náà ló rí: lónìí ara á dá ṣáṣá, lọ́la egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú, àwa á máa sunkún, tó bá di ọ̀tunla á tún dìde, á ní kí la sè.

Láti kékeré ni wọ́n ti fi ṣíṣọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mi. Má jẹ́ kó sáré. Má jẹ́ kó wọnú òjò. Má jẹ́ kó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Mo sì mọ iṣẹ́ náà í ṣe, mo lè dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ ọmọ tó bá pè é lọ síta. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, obìnrin kan tí òun àti ìyá wa jọ jókòó de dókítà ló sọ fún wọn pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í kọjá ọdún mọ́kànlélógún. Obìnrin tí wọn ò mọ̀ rí o! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ ìyá wa lára. Nígbà tí àbúrò mi kọjá ọjọ́ orí náà, mo rò pé wọ́n á yọ̀. Wọn ò yọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń wò ó bí ohun tí wọ́n yá wa, tí olóhun lè kan ilẹ̀kùn wá gbà nígbàkigbà.

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà yẹn. Ó rí àpótí rẹ̀ lọ́fíìsì kan ní Palmgrove tí wọ́n ti fẹ́ dà á nù, ó ra ọpọlọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní pùrósẹ́sọ̀, ní tòkunbọ̀, ọ̀gá mi sì fún un ní tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo ojú èèyàn ń ṣe àwọ̀ ewé lórí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Tí mo bá gbé fọ́tò olóògbé tí a fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú wálé pé kó bá mi tò ó, o lè din dòdò tán kí fọ́tò yẹn tó ṣí délẹ̀.

Àsìkò yẹn kan náà ni ẹnìkan tí wọ́n jọ kàwé ránṣẹ́ pè é láti Sáríà, lókè Ọya lọ́hùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ gba àwọn kọ̀ǹpútà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò, kó wá. Ìyá wa ní kò ní lọ. Wọ́n ní ọyẹ́ ibẹ̀ á pa á. Èmi náà ní kò ní lọ, ohùn tèmi gan-an ló lọ sókè jù. Àbúrò mi ò bá wa jà. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

O mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sára pùrósẹ́sọ̀, iye eré tó lè sá. Ó ti kà á níbì kan pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe òpin agbára rẹ̀, pé ike kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ, tí kò ju eyín ọmọdé lọ, téèyàn bá yọ ọ́ níhìn-ín tó fi há ibòmíì, eré á yá sí i. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ á máa gbóná. Wọ́n ní kéèyàn fi ohun kan bí ìpara sáàárín rẹ̀ àti irin tó bò ó, kí ooru lè máa ráyè jáde. Ó wo ilé yíká, kò rí ìpara kankan ju òrí tí ìyá wa fi ń ra orúnkún àti ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí egungun bá ń ro ó. Ó ní ohun tó ń tu òun lára, á tu ẹ̀rọ náà lára. Ta ló lè ro irú èrò yẹn, bí kò ṣe ọmọ ìyá mi?

Òrí yọ́, ó ṣàn wálẹ̀, ó ń jó ṣàà, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni ìyá wa bá wa.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ dáná sunlé ni?"

Ẹ̀rín ti pa àbúrò mi débi pé ó jókòó sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmi. Fòníkú-fọ̀ladìde lòun náà. Ẹ wò ó, á dìde lọ́la."

Ojú ìyá wa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. "Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé yìí mọ́," ni wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ tí Èkó ò rí mú kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Mo pòṣé sí i. Mo ní ṣé ó yẹ kó fi ìyẹn ṣeré lójú ẹni tó bí i.

"Àǹtí mi, orúkọ ta ni, bí kì í bá ṣe orúkọ tèmi?" ló fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀rọ náà sì dìde lóòótọ́. Ó fi sìpírítì nu òrí kúrò, ọkùnrin tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa fún un ní ìpara funfun díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú mọ́. Ìyá wa máa ń wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mi ò sì mọ̀ pé ọmọ wọn gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Á sún eré rẹ̀ díẹ̀, á fi iṣẹ́ sí i lọ́rùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, á máa tẹ́tí sí i bí ìyá tó ń gbọ́ èémí ọmọ. Fáànù kan ṣoṣo tá a ní, ẹ̀rọ ló ń fẹ́. Ẹ̀rọ ń fẹ́ òtútù, òun ń fẹ́ ooru, bẹ́ẹ̀ ni yàrá kan náà làwọn méjèèjì wà. Ìyẹn ló mú kó máa wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru Bàrígà, tí òógùn ń ṣàn lójú èmi tí mo jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kan tó sún un, ẹ̀rọ dákú. Ó dá a padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Mo rò pé ó parí. Ló bá tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i. Mo ní kí ló dé, ṣebí ó ti gbà á.

"Ibi tó ti fẹ́ẹ̀ kú kọ́ ni mo fẹ́ kó máa gbé, Àǹtí mi. Mo kàn fẹ́ mọ ibẹ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìrora dé, nígbà tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́. Mo dé láti Ṣómólú, mo bá a lórí ẹní, ó ká jọ, ó ń fi eyín jẹ etí ìrọ̀rí. Yéè! Orí mi gbóná. Mo fa wáyà fáànù yọ, mo fa ti kọ̀ǹpútà yọ, mo ní òtútù fáànù ló pa á, mo ní èmi á gbé ẹ̀rọ yìí lọ sí Ìlàjẹ létí Bàrígà, n ó sọ ọ́ sínú ọ̀sà, kí ẹja máa fi ṣiṣẹ́. Mo ti gbé e dání ná.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Kì í ṣe fáànù. Mo ti mọ̀ láti àná pé ó ń bọ̀. Mo ti ń mu omi látàná, mo ti lo oògùn kó tó dé. Kò le tó bó ṣe máa ń le. Ẹ ò bi mí rí, Àǹtí mi. Gbogbo yín kàn ń ka nọ́ńbà tí obìnrin yẹn kọ sí mi lára. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí wò rí."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo sì sunkún gidi. Ó dùn mí, inú sì tún bí mi, torí òótọ́ ló sọ. Gbogbo ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe pátá ni mo mọ̀ lórí, mo lè kà á fún ọ lójú oorun. Ohun tó lè ṣe, mi ò mọ ẹyọ kan.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo sọ ọ́ níwájú oúnjẹ. Mo ní, "Màmi, ẹ jẹ́ kó lọ."

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ náà?" Wọ́n kọjú sí i. "Tó bá dé sí ọ níbẹ̀, ta ni yóò dì ọ́ mú?"

"N ó ti mọ̀ kó tó dé, Màmi."

Wọ́n ti abọ́ wọn sẹ́yìn, wọn ò jẹun mọ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìyá wa ti ọjà dé pẹ̀lú kúbùsù kan tó nípọn, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè fi bora l'Ékòó, wọ́n sì jù ú sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú páálí, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀, ó sì lọ.

Ó lo ọdún tó pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe rò lọ níbẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, ó gbọ́ Hausa débi pé ó ń fi bú mi lórí fóònù. Ó ṣubú lulẹ̀, ó tún dìde, lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́yẹ́ ọdún kan, kò dìde.

Níbi ìsìnkú, ìbátan wa kan wá bá mi, ó ní ká ní a mú un dání l'Ékòó, ìbá ṣì wà láyé. Àwọn míì náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi látìgbà yẹn. Mi ò bá wọn jiyàn, ó lè jẹ́ òótọ́. Mo sì ń sunkún rẹ̀ dòní, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tó fi wà lọ́dọ̀ wa, àwa la ń bá a lò wọ́n, èmi gan-an ni mo lò jù. Àwọn ọdún tó lò ní Sáríà, òun fúnra rẹ̀ ló lò wọ́n.