Òrí Tí Mo Fi Pa Gìtá Lárúbáwá

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Sharjah, tí ọjà Dubai ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, yàrá kan ni èmi àti àwọn òbí mi ń gbé. Kọ́tìnnì la fi pín in pẹ̀lú ìdílé mìíràn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ gbé yàrá alápapọ̀ tí wọ́n ń pè ní bedspace rí mọ̀ ọ́n: wọ́n á máa dín ata lọ́hùn-ún, ẹ̀yin lẹ máa sín. Káfíńtà ni bàámi. Ilé iṣẹ́ tó mú wọn wá kógbá wọlé, visa wọn sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó ilé ìwé mi la kọ́kọ́ gé. Inú mi dùn, òmùgọ̀ ọmọ!

Bàbá Lárúbáwá kan wà ní àdúgbò Al Majaz tó ń tún oud ṣe. Oud ni gìtá tiwọn. Ikùn rẹ̀ rí róbótó bí ti aboyún. Wọ́n gbé ògbólógbòó kan tí ikùn rẹ̀ ti sán fún bàámi: bó bá lẹ̀ dáadáa, wọ́n á gba bàámi síṣẹ́, wọ́n á sì ṣe visa fún wọn. Bí kò bá lẹ̀, Lagos yá nìyẹn.

Bàámi gbé e kalẹ̀, wọ́n lọ kírun Jímọ̀. "Má fọwọ́ kàn án o." Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀! Màámi máa ń sọ pé AC ló ń gbẹ ara wa tó fi ń sán, pé kò sí èyí tí òrí ò lè wò. Mo wo igi yẹn, ó sán ju gìgísẹ̀ mi lọ. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo bu òrí, mo fi pa á látòkè délẹ̀, mo tún fìka tì í sínú ibi tó sán.

Bàámi dé, wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n dì í lókùn. Wọ́n tú u, igi lanu. Wọ́n tún un ṣe, igi tún lanu. Wọ́n wá gbóòórùn ìka wọn.

"Ta ló fi òrí pa á?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti dáhùn, ọwọ́ méjèèjì lókè. "Màámi ló ní ó ń wo ara tó sán, sà."

"Èmi bí igi ni?" Màámi ló pariwo bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn náà ló gbé páúdà jáde. "Ohun tó ń fa òógùn lára ọmọ á fa òrí lára igi."

Ọjọ́ méjì la fi ń da páúdà, tí à ń nù ún. Gbogbo yàrá funfun. Aládùúgbò wa sín lẹ́yìn kọ́tìnnì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bímọ ni?" Lọ́jọ́ kẹta, gọ́ọ̀mù mú.

Bàbá Al Majaz fi èékánná tẹ ojú ibi tó lẹ̀, kò mì. Wọ́n wá gbé oud símú. "Habibi, kí ló dé tó ń rùn bí ọmọ jòjòló?" Bàámi ò lè purọ́; wọ́n rò ó látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú wọn. "Khalas, ó parí. Mú páàsípọ́ọ̀tù rẹ wá."

Láyé ìgbà yẹn, ohun tó bá sán, a ó lẹ̀ ẹ́. Lónìí, bí gìtá oníke ọmọ mi bá já bọ́, kó tó délẹ̀, ọmọ ti ń bèèrè òmíràn. Èmi ti di oníṣòwò ní Deira, òrí sì wà nínú ọjà mi. Bàámi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Al Majaz. Bí mo bá wọlé, ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó dá mi lóhùn.